Ọdẹ́rìndé ní Ìlú Tí Koríko Ti Dé Ẹnu Ọ̀nà

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọdẹ, òjò yìí kò ní jẹ́ ká wọgbó lónìí, ẹ má wulẹ̀ yọjú wo ojú ọ̀run mọ́. Ẹ sún mọ́ ìdí ewìrì níbi tí ooru wà, ẹ gbé ìbọn yín ti ògiri. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kó wú u tán báyìí, nítorí èmi Ògúnrẹ̀mí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Mo ti bá ẹfọ̀n wọ̀yá ìjà lọ́sàn-án gangan, mo ti sùn lórí igi tí erè ń sùn nísàlẹ̀ rẹ̀, gbogbo yín lẹ mọ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn tòní kì í ṣe tèmi. Ti Ọdẹ́rìndé ọ̀rẹ́ mi ni, ọkùnrin tí kò mọ irọ́ í pa, tó jẹ́ pé tó bá gbìyànjú rẹ̀, etí rẹ̀ ló máa ń gbọ̀n. Ìyẹn ló jẹ́ kí n gba ohun tó sọ fún mi gbọ́. Láṣebìkan, tó bá jẹ́ pé oorun lo fẹ́ sùn, lọ sùn ún nílé.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọdẹ́rìndé bí, Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀. Ìyá ọmọ náà kú kí wọ́n tó já a lẹ́nu ọmú. Gbogbo wa la ní kí Ọdẹ́rìndé fẹ́ ìyàwó mìíràn, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó pọn ọmọ sẹ́yìn, ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó sì ń wọgbó bẹ́ẹ̀. A fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wa. Àwẹ̀ró kò tíì mọ ọkà á rò tó ti mọ ipasẹ̀ ìgalà yàtọ̀ sí ti ẹtu. Tó bá wo ilẹ̀ báyìí, á ní èyí ń sáré, èyí ń wá omi, èyí lóyún sínú. Ìgbà kan wà tí pàkúté mú un lẹ́sẹ̀ òsì. Ẹsẹ̀ náà san, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ìka kékeré ẹsẹ̀ náà kì í kan ilẹ̀ mọ́, gìgísẹ̀ rẹ̀ sì máa ń yà sóde díẹ̀. Bí odindi ìlú bá gba ojú ọ̀nà kan kọjá, Ọdẹ́rìndé á fi ọwọ́ tọ́ka sí ibi tí ọmọ rẹ̀ tẹ̀.

Nígbà tí Àwẹ̀ró di ọmọge, àwọn arìnrìn-àjò kan yà sílùú wa. Wọ́n ní lẹ́yìn Igbó Títò, ìlú kan wà tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ìmọ̀ ilẹ̀, bí a ṣe ń tún ilẹ̀ ṣe tí ọkàn ẹni tó ń rìn lórí rẹ̀ á fi balẹ̀. Bí ọmọ ti gbọ́ ọ, kò lè jókòó mọ́. Ó kúnlẹ̀ bẹ bàbá rẹ̀ pé kó jẹ́ kí òun lọ, tí òun bá ti kọ́ ọ tán, òun á padà wálé. Ọdẹ́rìndé gbà. Ó di ẹran gbígbẹ fún un, ó sìn ín dé etí igbó, ó sì padà sílé.

Ilé ọ̀hún ló wá di ohun tó ń bá a jà. Tó bá pa ẹran wálé, kò sí ẹni tí yóò bi í pé báwo ló ṣe pa á. Tó bá jí, kò sí ẹni tí yóò kí i pé ẹ kú àárọ̀. Òjò rọ̀, ẹ̀ẹ̀rùn mú, òjò tún rọ̀, Àwẹ̀ró kò dé. Mo máa ń lọ bá a tàkúrọ̀sọ, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà ló máa ń wò bí mo ti ń sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ èmi tó wà níwájú rẹ̀ kọ́ ló ń retí. Ìdánìkanwà wọ ọkùnrin náà lára. Nígbà tó yá, ó wọ gbẹ̀rí ọdẹ rẹ̀, ó mú ìbọn, ó mú ọkọ́ kékeré tó fi ń wa ihò òkété, ó wá dágbére fún mi. Ó ní tí òun kò bá ní mú ọmọ òun wálé, kí n má retí òun.

N kò ní fi ìrìn rẹ̀ dá yín lágara. Ó rìn títí, ó dé Igbó Títò. Ẹ mọ igbó tí Ọlọ́run gbìn, ìrókò níhìn-ín, àràbà lọ́hùn-ún, olúkúlùkù igi dúró síbi tó wù ú. Nínú Igbó Títò, àwọn igi tò lọ́tùn-ún, wọ́n tò lósì, gíga wọn dọ́gba, ẹ̀ka wọn pàdé lókè, abẹ́ wọn sì mọ́ tónítóní. Irin pẹlẹbẹ kan wà láyà igi kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ orúkọ ènìyàn sí i. Ẹyẹ kankan kò ké níbẹ̀. Ọdẹ́rìndé ní kò sí ibi tó ba òun lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀ rí, nítorí láàárín igi títò wọ̀nyẹn, kò sí ibi tí ọdẹ lè sá pamọ́ sí.

Ó ń lọ, igi tó ṣíwájú bá fọhùn. Ó ní, "Ta ló gbìn ọ́?"

Ọdẹ́rìndé rò pé ìran òun ni wọ́n ń béèrè. Ó kọ haa, ó ki ara rẹ̀ dáadáa, ó ka gbogbo erin tí bàbá rẹ̀ pa, ó fi méjì tí bàbá rẹ̀ kò pa kún un. Àwọn ẹ̀ka sọ̀ kalẹ̀ níwájú rẹ̀, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sé e mọ́. Igi náà tún béèrè. Ó ní igi kọ̀ọ̀kan tó wà níbẹ̀ ló ní ẹni tó gbìn ín lọ́jọ́ tó ń kúrò ní ìlú tó wà níwájú, ẹni náà fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láyà igi, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò sí èyí tó padà wá wò wọ́n.

Ìgbà yìí ni ìbéèrè náà yé Ọdẹ́rìndé. Ó wá ní, "Àwọn tó gbìn mí ti kú. Èmi náà gbin ẹyọ kan, mò ń lọ wò ó bó ṣe ga tó."

Atẹ́gùn kan fẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlà igi náà dé òpin rẹ̀. Ẹ̀ka gòkè, ọ̀nà là. Ọdẹ́rìndé ní àwọn igi náà wo òun títí òun fi kọjá, àánú wọn sì ṣe òun ju bí wọ́n ti dẹ́rù ba òun lọ.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó jáde nínú igbó, ọ̀kẹ́rẹ́ kan sọ̀ kalẹ̀, ó dúró síwájú rẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sáyà, ó ń wo ẹnu rẹ̀. Òmíràn dé, òmíràn tún dé, wọ́n yí i ká. Wọ́n sanra. Wọ́n ń retí kó fún àwọn ní nǹkan jẹ. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi odindi ọ̀sán lépa ọ̀kẹ́rẹ́ kan ṣoṣo, ẹ gbọ́ ohun tí mo wí. Ó gbé ìbọn sókè, wọn kò sá. Ó kígbe mọ́ wọn, wọ́n tún sún mọ́ ọn sí i. Ó sọ ìbọn kalẹ̀, ojú tì í. Ó ní òun kò mọ ohun tí òun wúlò fún níbi tí ẹran kò ti mọ̀ pé ọdẹ lòun. Láṣebìkan, ìwọ ì bá ti yìnbọn, mo mọ̀ ọ́ dáadáa.

Ìlú náà wá hàn. Pápá koríko kan ló wà láàárín, ó tẹ́ lọ rẹrẹ, ó tutù yọ̀yọ̀. Ilé ńláńlá yí i ká, bíríkì pupa ni wọ́n fi kọ́ wọn, òpó funfun tí apá ọkùnrin méjì kò lè ká ló gbé iwájú wọn dúró. Gbogbo ilé wọ̀nyí kọjú sí pápá náà, àfi bí ìgbà tí wọ́n ń retí ohun kan tí yóò ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ohunkóhun kò sì ṣẹlẹ̀. Kò sí ewúrẹ́, kò sí èéfín, kò sí ohùn ọmọdé. Ilẹ̀ kò hàn níbì kankan, àfi ojú ọ̀nà tí wọ́n fi òkúta tẹ́. Koríko gba gbogbo ojúde, ó dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, ó dé ẹnu ọ̀nà.

Ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí lọ́dọ̀ wa. Ojúde ilé tí ènìyàn ń gbé, erùpẹ̀ pupa ni, àwọn obìnrin ti gbá a kí oòrùn tó yọ. Tí a bá rí ilé tí koríko ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, fìlà la máa ń ṣí, a mọ̀ pé onílé ti kú, kò sì fi ọmọ sílẹ̀ tí yóò gbálẹ̀. Ọdẹ́rìndé wo ilé kan, ó wo èkejì, ó wo gbogbo wọn. Ó jókòó sílẹ̀, ó sunkún. Ó gbà pé àrùn kan ti pa ìlú náà run, Àwẹ̀ró sì ti bá wọn lọ.

Nígbà tó sunkún tán, ó dìde. Ó ní bí òun kò tilẹ̀ rí ọmọ òun sin, òun á tún ojúde ibi tó kú sí ṣe. Ó fa ọkọ́ yọ. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé tó tóbi jù, ó ro ó dé àárín pápá, ó ń kó koríko jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó já ewé igi, ó dì í bí ìgbálẹ̀, ó sì gbá ilẹ̀ náà títí ó fi ń dán. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ta ni nínú yín ni kò ní ṣe bẹ́ẹ̀? Èmi ì bá ti ro gbogbo rẹ̀ tán kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ̀dá kan yọ láti ẹ̀yìn òpó. Ó ga, koríko ni irun orí rẹ̀, wọ́n gé e tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ibi tó bá tẹ̀, kò sí ipasẹ̀. Ìyẹn ló mú kí àyà Ọdẹ́rìndé já, torí kò tíì rí ohun tó ń rìn tí ilẹ̀ kò mọ̀ rí. Olókoríko lorúkọ rẹ̀, òun ló ń tọ́jú ilẹ̀ ìlú náà. Ó wo ibi tí wọ́n ro, ó gbé ọwọ́ lérí. Ó ní láti ìgbà ìwáṣẹ̀ lòun ti ń gé koríko yìí, tí òun ń bu omi rin ín, tí òun ń fi ọwọ́ tu èpò inú rẹ̀, kí ló dé tí ọmọ aráyé kan fi wá bó ìlú òun láwọ.

Ọdẹ́rìndé dọ̀bálẹ̀, ó ṣàlàyé pé àwọn òkú ìlú náà lòun ń bu ọlá fún. Olókoríko ní òkú wo? Ó ní kò sí ẹni tó kú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sílé fún ìsinmi wọn ni, àwọn òṣìṣẹ́ sì wà ní ibùgbé wọn lẹ́yìn òkè. Inú Ọdẹ́rìndé dùn débi pé kò gbọ́ ìyókù ọ̀rọ̀ náà dáadáa, ìyókù ọ̀rọ̀ náà sì ni ìdájọ́ rẹ̀. Kò ní kúrò nílùú náà títí koríko yóò fi hù padà sí gbogbo ibi tí Olókoríko bá fi hàn án. Wọ́n gbé àpò irúgbìn àti garawa lé e lọ́wọ́, wọ́n fún un ní yàrá kan lábẹ́ àtẹ̀gùn. Ó béèrè Àwẹ̀ró. Olókoríko ní òun kì í mọ orúkọ ènìyàn, kó lọ bi ilé gogoro tó ní ojú mẹ́rin.

Ilé gogoro náà wà ní ìparí pápá, aago wà lójú rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì máa ń ké láìsí ẹni tó lù ú. Bí Ọdẹ́rìndé ti dé ìdí rẹ̀, ilé náà fọhùn, ó ní àlọ́ lòun ń pa kí òun tó dáhùn ìbéèrè, ẹni tó bá sì kùnà, òun á máa ka ọjọ́ ayé rẹ̀ sókè sí i létí títí yóò fi tán. Àlọ́ náà rèé: "Gbogbo ènìyàn ni mò ń wò, gbogbo ènìyàn ló sì ń wò mí. Kí ló dé tí n kò fi ní ọ̀rẹ́?"

Kí Àwẹ̀ró tó lọ, Ọdẹ́rìndé kì bá mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti dá jókòó nínú ilé fún ọdún púpọ̀ mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Torí pé ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ kúrò níbi tí wọ́n wà ni wọ́n máa ń wò ọ́."

Ilé gogoro náà gbà pé ó mọ̀ ọ́n. Ó wá ní òun kò mọ Àwẹ̀ró, àwọn tó ń gbójú sókè nìkan lòun mọ̀, bóyá ọmọ tí ó ń wá kì í gbójú sókè. Bí ọ̀rọ̀ náà ti dun Ọdẹ́rìndé, bẹ́ẹ̀ ló fún un nírètí, nítorí ilẹ̀ ni Àwẹ̀ró máa ń wò láti kékeré.

Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó fún irúgbìn, ó bu omi wọ́n ọn, ó lé ẹyẹ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dé láti ìsinmi, ìlú sì kún. Ọdẹ́rìndé rò pé ìdánìkanwà ti tán, kò mọ̀ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Wọ́n á kí i, kó tó dáhùn wọ́n ti kọjá. Èyí tó bá rẹ́rìn-ín sí i lónìí, ó lè má rí i mọ́ láé. Ọ̀dọ́ ni gbogbo wọn, bí àwọn kan bá jáde, ọ̀dọ́ mìíràn ló ń wọlé, kò sí ẹni tó ń dàgbà nílùú náà. Ọkùnrin kan tí wọ́n fi òkúta gbẹ́ jókòó níwájú ilé ìwé kan, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dán nítorí gbogbo ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò ló máa ń fi ọwọ́ pa á kó lè yege. Ọdẹ́rìndé náà pa á. Ó ní kì í ṣe nítorí ìdánwò, ara lòun fẹ́ fọwọ́ kàn.

Àwọn bẹ́ńṣì tún wà lábẹ́ igi káàkiri, orúkọ òkú kan wà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Lọ́sàn-án, tí oòrùn bá mú, àwọn olórúkọ náà máa ń wá jókòó. Ìyá àgbàlagbà kan wà nínú wọn tó sún fún Ọdẹ́rìndé pé kó wá sinmi. Ìyá náà ní ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń fẹ̀yìn ti orúkọ òun, ẹnikẹ́ni kò kà á rí. Ọdẹ́rìndé kò mọ̀wé, ó ní kí ìyá jọ̀wọ́ sọ orúkọ náà fún òun. Ó sọ ọ́, Ọdẹ́rìndé sì pè é. Ó pe orúkọ náà fún èmi náà, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò gbé e. Inú ìyá dùn, ó béèrè ohun tó ń wá kiri.

Nígbà tó gbọ́, ó ní obìnrin kan wà tó máa ń rìn káàkiri pápá láìgbójú sókè. Ó ní nígbà tí wọ́n bá kọ́ ilé tuntun nílùú náà, wọn kì í tètè la ọ̀nà sí i. Wọ́n á fi koríko sílẹ̀ kí àwọn ènìyàn máa rìn ín bó ti wù wọ́n. Lẹ́yìn náà, obìnrin yìí á wá yẹ ilẹ̀ wò, á mọ ibi tí ẹsẹ̀ fẹ́ràn, ibẹ̀ ni yóò sì ní kí wọ́n tẹ́ òkúta sí. Ìyá ní obìnrin náà wà lẹ́yìn òkè lọ́hùn-ún lọ́dún yìí, òun kò sì lè mú un lọ, torí ibi tí bẹ́ńṣì òun bá wà ni òun ń wà. Ọdẹ́rìndé kò béèrè mọ́. Ó mọ̀ pé ọmọ òun ni, ṣùgbọ́n Olókoríko kò jẹ́ kó fi pápá sílẹ̀ kí koríko tó hù.

Koríko hù lójú pápá, ó kún, ó sì dọ́gba. Olókoríko wò ó, ó ní ó kù ibì kan. Ó mú un gba ẹ̀yìn ilé lọ sí ẹnubodè ìlú. Ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú koríko níbẹ̀, ẹsẹ̀ ló là á, ilẹ̀ pupa hàn. Ó gùn wá láti ẹ̀yìn òkè, ó dé ẹnubodè, ó sì parí síbẹ̀. Olókoríko ní gbogbo ọ̀nà tí ẹsẹ̀ bá là nínú ìlú làwọn ń tẹ́ òkúta sí, àfi irú èyí, tó jẹ́ ọ̀nà ẹni tó fẹ́ lọ tí kò lọ. Ọdọọdún làwọn ń fún irúgbìn sí i, ọdọọdún ló tún ń là. Ó ní kí Ọdẹ́rìndé bò ó mọ́lẹ̀. Tí koríko bá ti hù sí i, ó ti dòmìnira.

Ọdẹ́rìndé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fún irúgbìn. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lókè. Ojú ẹsẹ̀ òsì tó wà nínú erùpẹ̀ náà kò ní ìka kékeré, gìgísẹ̀ rẹ̀ sì yà sóde. Ó fi ojú tẹ̀ lé ipasẹ̀ náà. Ẹni náà máa ń yára wá. Tó bá kù díẹ̀ kó dé ẹnubodè, á rọra. Níbi tí ọ̀nà parí sí, ilẹ̀ jin díẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì ti dúró síbẹ̀ pẹ́, lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n kọjú sí ìta. Gbogbo ọdún tí òun fi ń wo ojú ọ̀nà nílé, ọmọ òun náà ń wo ojú ọ̀nà níbí. Ọdẹ́rìndé jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà náà, àpò irúgbìn wà lórí itan rẹ̀, kò fún un.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, obìnrin kan bọ̀, ilẹ̀ ló ń wò. Ó rí ipasẹ̀ tuntun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, ó dúró gbọnin. Ipasẹ̀ bàbá rẹ̀ ló mọ̀ kó tó rí ojú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

Ó ní, "Baba mi, ẹ ti rù."

Bàbá rẹ̀ fọwọ́ kàn án lórí. Wọ́n sunkún tẹ́rùn. Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tó mú un dúró sí ẹnubodè láìjáde. Àwẹ̀ró ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè wọlé kí wọ́n sì jáde, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gba iṣẹ́ ìlú náà, ọjọ́ tó bá jáde ni igbó yóò pa ọ̀nà dé mọ́ ọn, kò ní rí ìlú náà mọ́.

Ó ní, "Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń sọ pé òní ni màá lọ. Tí mo bá dé ibí, màá rántí ọ̀nà kan tí n kò tíì rí ìdí ẹ̀, màá yí padà. Tí mo bá sì dé yàrá mi, ẹ̀yin ni màá rántí."

Láti ilé ni Ọdẹ́rìndé ti ní gbólóhùn kan lẹ́nu tó fẹ́ sọ fún un: dìde ká máa lọ. Ó mọ ọmọ tó bí. Tó bá sọ ọ́, Àwẹ̀ró á dìde. Gbólóhùn náà dé ètè rẹ̀, ó gbé e mì. Ó ní kó mú òun lọ wo iṣẹ́ rẹ̀ ná.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọ́n jọ rìn. Àwẹ̀ró fi ọ̀nà kan hàn án tó ṣẹ́ kọ́rọ́, ó ní àwọn tó ń lọ gbọ́ èsì ìdánwò ló là á, wọ́n máa ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún ná kí ojú wọn tó dé ibi tí èsì wà. Ó ní àwọn tó ń kọ́lé sọ pé kó gún gbọọrọ, òun kọ̀, torí ẹ̀rù ló tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n jẹ́ kí ẹni tó ń bẹ̀rù rí omi wò. Ó fi òmíràn hàn án tó fẹ̀ lójijì láàárín, ó ní ibẹ̀ ni àwọn ọ̀rẹ́ ti máa ń dúró dágbére fúnra wọn. Ọdẹ́rìndé ń gbọ́. Òun mọ ibi tí ẹran ń lọ, kò mọ ìdí tí inú ẹran fi bàjẹ́. Ìmọ̀ yìí ti kọjá tòun. Ó wú u lórí, ó sì dùn ún dé ọkàn.

Nígbà tí wọ́n padà dé ẹnubodè, ó ní, "Àwẹ̀ró, tí mo bá ní ká lọ, o máa tẹ̀ lé mi. Nítorí náà, n kò ní sọ ọ́. Ìwọ ni kó o mọ èyí tó o fẹ́. Ṣùgbọ́n má dúró síbí mọ́. Ó ń dùn mí láti rí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ jin sí."

Àwẹ̀ró wo ìta ẹnubodè fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà, ó na ọwọ́ sí àpò irúgbìn. Ó ní, "Baba mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n fún un fúnra mi."

Ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó jin, ó ń lọ sẹ́yìn sẹ́yìn. Bàbá rẹ̀ ń bu omi tẹ̀ lé e. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi dé ẹ̀yìn òkè. Àwọn ọjọ́ tí wọ́n fi ń dúró de koríko ni Ọdẹ́rìndé ní òun gbádùn jù láyé òun. Wọ́n jọ ń gbé yàrá kan náà, ó ń sọ bó ṣe pa ẹran yìí àti ẹran yẹn, ọmọ ń bi í ní ìbéèrè, ó sì ń purọ́ díẹ̀díẹ̀, etí rẹ̀ ń gbọ̀n, ọmọ ń rẹ́rìn-ín. Láàárọ̀ kùtùkùtù, á lọ wo ilẹ̀ náà, á máa gbàdúrà kí irúgbìn má tètè hù. Ó hù.

Olókoríko wá, ó fọwọ́ pa koríko tuntun náà, ó ní kó máa lọ. Àwẹ̀ró sìn ín gba ojú ọ̀nà òkúta dé ẹnubodè, ó kúnlẹ̀, bàbá rẹ̀ súre fún un. Ọdẹ́rìndé jáde. Ó dé ẹ̀yìn igi àkọ́kọ́, ó dúró, ó tẹ́tí. Ẹ mọ etí ọkùnrin náà, tí ẹtu bá tẹ ewé gbígbẹ lókèèrè, ó ń gbọ́. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ọmọ wà lójú kan. Ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé bóyá ó ń bọ̀, ojú sì tì í pé ó ń wu òun bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí òkúta. Ó ń padà lọ sínú ìlú. Kò rọra, kò dúró, ó ń yára bí ẹni tí iṣẹ́ ń dúró dè.

Ọjọ́ tó wọ ìlú wa, èmi ni mo kọ́kọ́ rí i. Mo sáré pàdé rẹ̀, mo gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, n kò rí ẹnìkan.

Mo ní, "Ọdẹ́rìndé, Àwẹ̀ró ńkọ́?"

Ó ní, "Ó wà nílé."

Mo ṣáájú rẹ̀ wọ ilé, mo yọjú sí yàrá, mo yọjú sí ẹ̀yìnkùlé, mo ń pe ọmọ náà lórúkọ. Nígbà tí mo jáde, ó ti jókòó síwájú ilé, ojú rẹ̀ kò sí lójú ọ̀nà mọ́. Mo wò ó títí, ó wá yé mi pé kì í ṣe ilé tiwa ló ń wí.

Òjò ti ń dá. Ẹni tó bá ní ọmọ lókèèrè nínú yín, kó gbé ìbọn rẹ̀ kó máa lọ, tèmi ti tán lẹ́nu mi.